Àwo Orin Tí Wúràọlá Ń Gbọ́ ní Dọ́ńdì

Wúràọlá Àyọ̀ká, ọmọ Ṣóyẹmí Àkàngbé, ọmọ Ràkẹ́ẹ̀lì Àbẹ̀ní ará Ìbarà. Àyọ̀ká ọmọ erin. Ọmọ abẹ́ àpáta tí ọ̀tá wá títí tí kò rí. Ọmọ etí Ògùn tí kì í mu omi rírú. Adúmáadán tí í fi ẹ̀rín lé ìbínú jáde nílé. Ìyá Títílọlá, ìyá Délé. Obìnrin tí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀, tí kì í pọ̀ jù, tí kì í kéré jù.

Bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí àṣìṣe má baà tún wọ̀ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ orúkọ ló kún inú ìrìn-àjò tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mojísọ́lá Àṣàkẹ́. Ìyá kan náà ló bí wa. Mo ka ìwé mẹ́fà, mi ò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ bá mi mú sùúrù. Láti ìgbà tí mo ti dé ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń bi mí pé, “Ìyá Kọ́lá, kí lẹ rí lọ́hùn-ún? Kí lẹ mú bọ̀?” Àwo orin ni mo mú bọ̀. Àwọn kan rò pé mò ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Màmá Bùkì tiẹ̀ ní kí n má fi bàbà pa wúrà mọ́, kí n mú kóòtù jáde. Kò sí kóòtù. Àwo mẹ́ta ni, àwọn tí àbúrò mi ń gbọ́ títí tó fi lọ. Àwọn ni èmi náà ń gbọ́ báyìí, n óò sì sọ ìdí rẹ̀.

*

Ọ̀rọ̀ bàlúù ò ní dá wa dúró, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ yín. Ohun tí mo kọ́kọ́ pàdé ni afẹ́fẹ́. Ti Dọ́ńdì kì í fẹ́ sí ni lára, ṣe ló ń jáni. Ilẹ̀ Sìkótíláńdì ni ìlú náà wà, lẹ́bàá odò ńlá kan tó ń wọ òkun lọ. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wọn, òkè kan sì wà láàrin ìlú tí gbogbo ilé yí ká. Mo wò ó láti inú mọ́tò.

“Títí,” mo pe ọmọ àbúrò mi tó wá pàdé mi, “àwọn wọ̀nyí náà ní Olúmọ.”

“Bíìgì Mọ́mì, ẹ ti fèrèsé yẹn. Òkè lásán ni.”

“Kò sí òkè lásán. Bi wọ́n, ẹnìkan ti sá síbẹ̀ rí.”

A yà ní ṣọ́ọ̀bù láti ra mílíìkì. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀, irun rẹ̀ pupa bí epo, ó wò mí, ó sọ gbólóhùn kan. Mo ní kí Títí túmọ̀ rẹ̀.

“Ó ní níbo lẹ ti wá.”

“Ó fi ọ̀rọ̀ kan sí i nídìí. Hẹ́nì. Kí ni hẹ́nì?”

Ọmọ yìí ń fi ọwọ́ bo ẹnu. “Adìẹ ni, Bíìgì Mọ́mì.”

“Èmi?”

“Ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tí wọ́n bá fẹ́ kẹ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ibí ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo ní ó dára. Mo ní nílé wa, ẹni tí a bá fẹ́ kẹ́, a ń fún un ní oríkì, a kì í sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń há mọ́ abẹ́ agọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé kì í ṣe èébú lójú obìnrin náà. Kí n tó kúrò nílùú wọn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ti pè mí ní adìẹ, nọ́ọ̀sì ti pè mí ní adìẹ, mo sì ti ń dáhùn.

Wúràọlá dúró sẹ́nu ọ̀nà dè wá. Mo mọ̀ pé àìsàn ń ṣe é, torí rẹ̀ ni mo ṣe lọ, ṣùgbọ́n ohun tí fóònù ń sọ yàtọ̀ sí ohun tí ojú rí. Ara rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀wù ló kù. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi. Mo sáré gbá a mú.

“Tí o bá kúnlẹ̀, ta ni yóò gbé ẹ dìde? Ṣé èmi tí eékún ń dùn?”

“Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ mà ti darúgbó o.”

“Ìwọ náà wo dígí.”

“Mo ti yọ tèmi kúrò lára ògiri.”

A rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí Títí fi ní òtútù ń wọlé, kí a jọ̀ọ́ wá rẹ́rìn-ín nínú ilé.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín. Ní àárọ̀ wọ́n á fi ọkà kan ṣe ohun tó dà bí ògì tó ki, wọ́n á sì fi iyọ̀ sí i. Mo bèèrè ṣúgà, Wúràọlá ní àwọn àgbà ìlú náà gbà pé ọmọdé ló ń fi ṣúgà jẹ ẹ́. Mo fi iyọ̀ jẹ ẹ́ nítorí ọjọ́ orí mi. Ẹja yíyan wọn dára, èéfín wọ inú rẹ̀ dáadáa, ènìyàn lè gbé e sínú ọbẹ̀ kí ará ilé má mọ̀. Ohun kan sì wà tí wọ́n ń fi ẹ̀dọ̀ àti ọkàn àgùntàn ṣe, tí wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ ọkà yẹn, tí wọ́n á rọ ọ́ sínú àpòlúkù ẹran. Aládùúgbò kan gbé e wá, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo ojú mi, wọ́n rò pé n óò sá. Ta ló ń sá fún inú ẹran ní Abẹ́òkúta? Mo bèèrè ata.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Wúràọlá ń jókòó sí. Ẹ̀rọ tí ń lo àwo wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì ní àwo tó pọ̀ nínú àpótí, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ló ń gbọ́.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe nígbà tí dùùrù tuntun dé, tí ìyá wa ṣì wà láàrin wọn. Mo rò pé orin ìyìn ló ń gbádùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí bá a kọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè. “Àǹtí, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ dúró dé ẹsẹ kẹta.” Ẹsẹ kẹta dé, ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn, ikọ́ kúkúrú bí ẹni tó fẹ́ fi í pamọ́. Mo mọ ikọ́ náà. Ìyá wa ni. Wúràọlá gbé abẹ́rẹ́ kúrò, ó dá a padà, ìyá wa sì tún wúkọ́ fún wa.

Èkejì ni ti obìnrin kan ará ibẹ̀ tó ń kọrin láìsí ìlù, ní èdè àtijọ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìlú fúnra wọn kò gbọ́ mọ́. Mo ní, “O gbọ́ ọ ni?”

“N ò gbọ́ ẹyọ kan.”

“Kí lò ń gbọ́ sí nínú ohun tí o kò gbọ́?”

“Ìsinmi ni, Àǹtí. Gbogbo ohun tí mo bá gbọ́ yé lásìkò yìí, àwọn dókítà ló ń sọ ọ́.”

Ẹ̀kẹta ni ti Sùnmọ́nù Alágídìgbo.

Èmi àtàwọn díẹ̀ ló kù tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ bàbá wa ni. Nígbà tí bàbá wa parí ilé rẹ̀ ní Ìbarà, Sùnmọ́nù ní òun yóò fi gbogbo ará ilé náà sínú àwo tuntun tí òun fẹ́ gbé jáde. Ó wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń dárúkọ wa fún un pẹ̀lú oríkì wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, inú orí ló ń kó o sí. Aṣọ kan náà ni èmi àti Wúràọlá wọ̀ lọ́jọ́ náà, a sì jọra nígbà náà.

Àwo dé. Gbogbo ilé jókòó. Ó pe bàbá wa, ó pé. Ó pe ìyá wa, ó pé. Ó kàn wá, ó ní, “Mojísọ́lá Àyọ̀ká, Wúràọlá Àṣàkẹ́.” Ó sì pè é lẹ́ẹ̀mẹta bí àwọn olórin ti í ṣe kí ó lè wọ̀ wá lára. Ìyá wa fi igbe ta. Sùnmọ́nù di orí mú, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní, “Àwo oúnjẹ ni à ń fọ̀. Àwo orin ò ṣeé fọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Bí Sùnmọ́nù ṣe pàṣípààrọ̀ wa nìyẹn. Ní Ìbarà kò ṣe nǹkan kan, nítorí gbogbo ẹni tó gbọ́ àwo náà mọ ẹni tó jẹ́ Àṣàkẹ́ àti ẹni tó jẹ́ Àyọ̀ká.

Mo ní, “Wúràọlá, títí di òní o ṣì ń gbọ́ àṣìṣe Sùnmọ́nù?”

“Àṣìṣe yẹn gan-an ni mò ń gbọ́.”

“Kí nìdí?”

“Ẹ jẹ́ kó di Ọjọ́bọ̀. Mo máa sọ ọ́ ní ìpàdé wa.”

“Ní Gẹ̀ẹ́sì?”

“Ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Tí mo bá sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá, ojú á tì mí.”

*

Ìpàdé tó ń wí, yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé ìlú ni wọ́n ti ń ṣe é. Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ò ju èyí lọ: kí olúkúlùkù sọ àwo tí òun ń gbọ́ lọ́sẹ̀ yẹn àti ìdí tí òun fi ń gbọ́ ọ, kí wọ́n gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n mu tíì. Ẹnikẹ́ni kì í bá ẹnìkejì jiyàn. Ó yà mí lẹ́nu. Nílé wa, tí o bá ní o fẹ́ràn olórin kan, ẹnìkan á dìde pé olórin tòun ló lóhùn jù, àga á sì fò.

Wọn kì í kí ara wọn púpọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ òjò àti òtútù ni wọ́n máa ń sọ tí wọ́n bá pàdé. Mo rò pé àròyé ni, àfìgbà tó yé mi pé “ẹ kú òjò” tiwọn nìyẹn.

Títí lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Dúgì, tó ń wa bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ. Wúràọlá ń túmọ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀. Dúgì mú àwo àwọn tí ń fun fèrè alápò awọ ìlú wọn wá. Ó ní ìyàwó òun kórìíra rẹ̀, bí òun bá ti fi í sí i, ìyẹn á gbá ilẹ̀kùn ilé ìdáná dé gbàgà. Ìyàwó ti kú. Ó ní òun ń fi àwo náà sí i báyìí, òun á sì máa fetí sí ilẹ̀kùn. Mọ́rágì, obìnrin sísanra tó ń fi igi tilẹ̀, ní àwo tòun kò ní ìtàn. Ó ní tí òun bá gbé ọbẹ̀ kaná tí òun sì fi ojú kìíní sí i, ọbẹ̀ ti jinná nígbà tí ojú kejì bá parí, òun ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dáadáa rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó kan Wúràọlá. Ó gbé ti Sùnmọ́nù sí i, agídìgbo ń dún láàrin àwọn òyìnbó, orí mi wú. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀. Kò túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà Mọ́rágì yíjú wò mí. Mo fún Wúràọlá ní ìgbúnpá. “Kí lo sọ nípa mi?”

“Mo ní ẹ máa ń jẹ ẹran jù.”

Wọ́n wá ní kí èmi náà sọ àwo tí mò ń gbọ́. Mo ní mi ò ní àwo, jẹnẹrétọ̀ Ìyá Sìdí ni mò ń gbọ́, ẹ̀gbẹ́ ilé mi ló wà. Wọ́n ní kí nìdí. Mo ní nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ bí a ti ń tan án, bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé Ìyá Sìdí ṣì wà láyé. Dúgì pàtẹ́wọ́. Ó ní àwo tó dára jù lọ́jọ́ náà nìyẹn.

*

Kò pẹ́ sí i tí Wúràọlá ò lè dìde mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n ń gbé àwọn tí kò ní padà sílé lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní sùúrù. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ló mí èémí ìkẹyìn, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Títí wó lé e láyà. “Àṣàkẹ́ o! Ìyá mi, Àṣàkẹ́, ẹ dá mi lóhùn!”

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbà mọ ohun tí mo ń sọ. Tí wọ́n bá pe ẹnìkan lẹ́bàá òkú, kì í jẹ́. Mo fi ìborùn di ẹnu ara mi. Ọmọ náà ń pè mí, ó ń pè mí, kò sì mọ̀ pé èmi lòun ń pè.

Mo rò pé ìbànújẹ́ ló da ọ̀rọ̀ rú fún un. Àfìgbà tí Délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dé láti Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n jókòó ti ètò ìsìnkú.

Délé ní, “Bíìgì Mọ́mì, bí wọ́n bá ti ń sọ pósí kalẹ̀, àwo Sùnmọ́nù la máa fi sí i. Ibi tí wọ́n ti pe Mọ́mì.”

“Kí ni wọ́n pè é?”

“Wúràọlá Àṣàkẹ́ náà.”

“Èmi ni Àṣàkẹ́. Àyọ̀ká ni ìyá yín.”

Wọ́n wo ara wọn. Títí rọra fọwọ́ kàn mí, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan arúgbó tí kò mọ ibi tó wà mọ́. “Bíìgì Mọ́mì, ó wà nínú àwo.”

Mo ṣàlàyé ti Sùnmọ́nù fún wọn. Délé ní bóyá èmi ni mo gbàgbé, nítorí láti kékeré àwọn ni ìyá àwọn ti ń fi àwo náà sí i, kò sì sọ fún àwọn rí pé ó ṣì í pè. Inú bí mi. Mo ní, “Délé, ó dára. Ẹ fẹ́ ju oríkì èmi tí mo wà láàyè sínú kòtò, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó? Bó bá ṣe ilé ni, wọn kì bá tiẹ̀ jẹ́ kí n fi ojú kan ibojì àbúrò mi. Tí ẹ bá fi àwo yẹn sí i, n ò ní dé ibẹ̀.”

“Àwọn ọ̀rẹ́ Mọ́mì ń retí àwo náà.”

“Kí wọ́n máa retí.”

Ẹ̀yin ará ilé, wọn kì í tètè sin òkú lọ́hùn-ún. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, a sì ń jókòó sínú ilé kan náà láìbá ara wa sọ̀rọ̀. Títí ń sunkún ní yàrá tirẹ̀, èmi náà ń sunkún ní tèmi.

*

Mọ́rágì ló wá kan ilẹ̀kùn, tòun ti igi ìtilẹ̀ àti ìkòkò ọbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé yọjú sí ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n ikú mú un wá. Ó jókòó, ó bi Títí ní ìbéèrè kan, ó sì nawọ́ sí mi. Nínú ìbéèrè náà mo gbọ́ ohun tó jọ Asakí.

Títí ní, “Ó ń bèèrè bóyá ẹ̀yin ni Àṣàkẹ́.” Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Ta ló sọ fún un?”

Mọ́rágì ń sọ ọ́, Títí ń túmọ̀. “Ó ní Mọ́mì ló sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ó ní nílẹ̀ wa, àbúrò kì í la orúkọ mọ́ ẹ̀gbọ́n lórí. Mọ́mì ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò fi ẹnu òun pe ẹ̀gbọ́n òun rí, Àǹtí ni òun ń pè é. Nígbà tí òun wà nílé, òun ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Ó ní nígbà tí òun dé ibí, kò sẹ́ni tó ń pè é fún òun gbọ́ mọ́. Ó ní bí àárò yín bá sọ òun, àwo Sùnmọ́nù lòun ń gbé sórí ẹ̀rọ, òun á gbọ́ orúkọ yín, olórin tiẹ̀ ti bá òun so ó mọ́ tòun. Ó ní…”

Ó nu ojú rẹ̀. Mọ́rágì tún un sọ, Títí sì túmọ̀ rẹ̀.

“Ó ní, ‘Ẹnu mi ni kò gbọdọ̀ pè é. Wọn ò ní kí etí mi má gbọ́ ọ.’”

Mo bu ọbẹ̀ Mọ́rágì mu, kò ní ata rárá, mo mu ún tán. Títí wá kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n má bínú, àwọn máa yọ àwo náà kúrò.

Mo ní, “Ẹ má yọ ọ́. Ẹ fi í sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ ẹ, ẹ gbọ́? Èmi yóò wà níbẹ̀. Bí ó bá ti pe tèmi, n óò pe tirẹ̀ lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n lè pe àbúrò.”

“Ẹ̀rù ò wá bà yín mọ́?”

“Ó ń bà mí.”

*

Ẹ̀gbẹ́ òkè ni ibojì náà wà. Délé ti gba orin inú àwo náà sórí fóònù, Dúgì gbé ẹ̀rọ kékeré kan dání tó ń gbé ohùn jáde, ó fi kóòtù rẹ̀ bò ó kí òjò má baà pa á. Àlùfáà parí àdúrà. Wọ́n ń sọ pósí kalẹ̀.

Agídìgbo bẹ̀rẹ̀. Sùnmọ́nù pe bàbá wa. Ó pe ìyá wa. Ó ní Mojísọ́lá Àyọ̀ká. Ó ní Wúràọlá Àṣàkẹ́. Mo pa ẹnu mọ́. Mo di apá Délé mú, mo sún mọ́ etí ibojì, mo sì fi gbogbo ohùn tó kù fún mi pè é, “Àyọ̀ká! Wúràọlá, Àyọ̀ká ni ẹ́!”

Sùnmọ́nù pè é lẹ́ẹ̀kejì, mo pè é lé e. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, Títí àti Délé bá mi pè é, Mọ́rágì náà pè é bí ahọ́n rẹ̀ ti lè gbé e mọ. Orin náà ń lọ lábẹ́ ohùn wa, Dúgì kò pa á títí ó fi parí.

Wọ́n fún mi ní iyẹ̀pẹ̀, mo dà á sí i. Ọjọ́ Ẹtì ni, lẹ́yìn ọ̀sán. A sin Wúràọlá sí Dọ́ńdì lọ́jọ́ náà.